Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Wọlé

Ọjọ́ Ajé, 5 Ògọ́ọ̀sì 1991

Ó dé lónìí. Ọlọ́run ò sùn.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mo ń ha ìdí ìkòkò, nígbà tí Sísítà pè mí pé àlejò tuntun dé, pé Yorùbá ni, kí n wá bá òun yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Mo nu ọwọ́, mo wọ pálọ̀. Ọkùnrin kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ikùn mú, ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ gba èèyàn méjì. Eyín iwájú méjì ti lọ. Mo wò ó títí. Àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì ni mo fi dá a mọ̀.

Pamílẹ́rìn lorúkọ tó sọ fún Sísítà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí màá kọ ọ́ sínú ìwé yìí nìyẹn. Ẹlẹ́rìn-ín ni màá máa pè é. Kó máa rẹ́rìn-ín bọ̀.

Kò mọ̀ mí. Níbo ni ì bá ti mọ̀ mí? Akọ̀wé tálì ni mí ní wọ́ọ̀fù Àpápá, èmi tó ń dúró sínú oòrùn ka àpò. Ẹ̀jẹ́ńtì ńlá lòun, tó ń gba kọ̀nténà jáde. Inú Píjò funfun ni mo ti máa ń rí i, gíláàsì á wà lókè. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ rí. Àlíù àbúrò mi ló mọ̀ ọ́n.

Àlíù tó pa fún mi.

Ọjọ́ mi lórí pátákó lónìí: 143. Tirẹ̀: 1.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Ògọ́ọ̀sì

Kí n kọ òfin ilé yìí sílẹ̀, torí mo fẹ́ máa kà á fún ìgbádùn ara mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ orí ò sí ńbẹ̀. Ọlá ò sí ńbẹ̀. Iye ọjọ́ tí kálukú ti lò láìfọwọ́ kan gbánà, igbó tàbí ọtí, Sísítà á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó ní pálọ̀. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á kọ 1, onítọ̀hún á sì di àbúrò gbogbo ilé. Ẹni tuntun á ní ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tí wọ́n yàn fún un. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń gbé garawa nígbà tó bá ń bì, òun ló ń fún un lóògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun ló ń dúró tì í títí á fi gbé e mì. Bí ẹni tuntun bá rí ohun tí kò yẹ kó wọ ilé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa kó o fún, ẹ̀gbọ́n á kó o fún Sísítà.

Sísítà Josephine, ará Warri ni. Nọ́ọ̀sì àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ló fi ṣiṣẹ́ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó sọ ilé ara rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ níbí di ilé àwa tí à ń jáwọ́ nínú oògùn olóró. Ó sọ pé a ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní wèrè nínú ilé òun. Ẹni tó bá pè é á fọ ṣáláńgá. Uchenna wà ńbẹ̀, tó wa tírélà rí. Ebikabowei wà ńbẹ̀, tó ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù títí èjìká rẹ̀ kan fi wọ́ sísàlẹ̀. Píjìn la jọ ń sọ. Yorùbá tiwọn ò kọjá "ẹ ǹlẹ́" àti "wá jẹun". Ta wá ni Sísítà máa fi Ẹlẹ́rìn-ín lé lọ́wọ́? Èmi náà ni.

Ọkùnrin yìí ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Mo dúró lé e lórí láàárọ̀, mo ní, "O ò tíì jí? Dìde." Mo tún un sọ, mo tẹ "o" yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó wò mí. Ó na ọrùn wo pátákó ní pálọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.


Ọjọ́bọ̀, 8 Ògọ́ọ̀sì

Ara rẹ̀ ń bèèrè gbánà. Ó ń gbọ̀n, imú ń dà, ó ń bi omi aláwọ̀ ewé. Mo mọ bó ṣe ń rí, egungun á máa yún èèyàn láti inú. Mo gbé garawa tì í. Iṣẹ́ mi ni.

Ó ní òun fẹ́ omi. Mo bu omi sí kọ́ọ̀pù, mo gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé. Mo ní kó bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n." Mo ní mi ò gbọ́. Ó tún un sọ. Mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà kẹta ni mo tó gbé e fún un. Ó mu ún, ó ní, "Ẹ ṣé."

Ó yẹ kí màmá mi rí i.


Ọjọ́ Ẹtì, 9 Ògọ́ọ̀sì

Sísítà ló fún kálukú wa ní ìwé yìí. Ó ní ká máa kọ ohun tó ń dùn wá, pé òun ò ní kà á láéláé. Ó dáa. Kí n kọ tèmi.

Àlíù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nítòsí Boundary. Ó máa ń súfèé, bó ń jẹun bó ń wẹ̀, orin kan náà ṣáá, débi pé màmá wa á ju ṣíbí sí i. Kò pè mí ní "ìwọ" rí. Kódà nígbà tí orí rẹ̀ ti dàrú tán, tó ń bá òpó iná jà níta, bó bá yíjú sí mi, "ẹ" ló máa ń lò. "Bọ̀ọ̀dá Mọ́rù, ẹ má dá wọn lóhùn o, ẹ má dá wọn lóhùn."

Ó ń lọ sílé Ẹlẹ́rìn-ín ní Àpápá GRA. Ohun tó ń gbé e lọ síbẹ̀ ò kan ìwé yìí. Ibẹ̀ ni gbánà ti wọ̀ ọ́ lára. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ní rédíò ń pe orúkọ òun. Oṣù kẹta ọdún 1989, ọ̀sán gangan, ó rìn lọ sójú irin rélùwéè ní Ìjọrà Badia, wọ́n ní ó ń súfèé. Àwọn èèyàn pariwo pariwo. Màmá mi, Tàwàkálítù, ìborí orí rẹ̀ ló fi bò ó. Bàtà ẹsẹ̀ kan la rí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ gbánà. Ìbànújẹ́ ló sún mi débẹ̀.

Bó bá di ọjọ́rú, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà, màá pé ọjọ́ 180. Màmá mi á wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́, Sísítà á sì kọ lẹ́tà tí màá fi wáṣẹ́. Ìlérí tó wà láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Màá fẹ́ kí màmá bá ọkùnrin yìí lórí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà, níwájú mi.


Ọjọ́ Àìkú, 11 Ògọ́ọ̀sì

Ó jẹ ẹ̀wà lónìí, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo. Inú bí mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Ògọ́ọ̀sì

Dókítà wá. Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ń gbọ́ ẹni tó ń kan kọ̀nténà láti inú, pé ó pẹ́ tó ti ń kàn án, pé nígbà tí òun ń fa gbánà lòun máa ń lè sùn bí ẹni náà bá ń kàn. Dókítà bi í ní ìbéèrè púpọ̀, ó rọra bi í, kò rẹ́rìn-ín. Ó kó oògùn fún un, hóró funfun, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ó ní bó bá ń lò ó déédéé, kíkàn náà á dínkù, àmọ́ bó bá dá a dúró, ohùn náà á padà, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo gbọ́ ọ ketekete. Sísítà ní kí n tún un sọ fún un ní Yorùbá, kó lè yé e dáadáa.

Ìgò oògùn ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ló ń tọ́jú ìgò.


Ọjọ́rú, 14 Ògọ́ọ̀sì

Oògùn ẹ̀fọ́rí náà funfun. Ó rí roboto bákan náà. Mo fún un ní ọ̀kan láàárọ̀, mo dúró tì í títí ó fi gbé e mì, gẹ́gẹ́ bí òfin. Tirẹ̀ gan-an, inú ṣáláńgá ló wà.

Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Ògọ́ọ̀sì

Sísítà pè mí sí kíṣìnì. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò wojú mi. Ó ní òun rí i pé mi ò sùn mọ́, pé mò ń rìn sókè sódò, pé ojú mi ń tàn. Mo ní ara mi le, inú mi ń dùn ni. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, òun mọ ojú ẹni tó ti rí nǹkan fà. "Mọ́rúfù, vex self dey high person."

Mo ní mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní ó dáa, kí n bá òun gbé omi wá.

Obìnrin yẹn máa ń rí nǹkan jù.


Ọjọ́ Ajé, 19 Ògọ́ọ̀sì

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Látàárọ̀ ló ti ń tẹ́tí sára ògiri. Nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán, ó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tó dúró síbẹ̀ wọlé wá jókòó. Kò sẹ́ni kankan. Uchenna ní wèrè ti dé. Sísítà gbọ́ ọ láti yàrá, Uchenna ló fọ ṣáláńgá.

Ebikabowei lọ jókòó tì í. Òun náà mọ bó ṣe ń rí. Nígbà tó dé, omi ẹ̀rọ ló máa ń pe orúkọ rẹ̀, oṣù méjì kò lè wẹ̀.

Èmi ń jẹun lọ.


Ọjọ́bọ̀, 22 Ògọ́ọ̀sì

Ó dárúkọ rẹ̀.

Mo gbé oògùn ẹ̀fọ́rí fún un láàárọ̀, ó gbà á, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Àlíù, o ti jẹun?" Kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ta ni Àlíù. Ó ní ọmọ kan ni, pé òun ló ń kan kọ̀nténà látọjọ́ yìí, pé ó ti já jáde báyìí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní, "Ó ń súfèé. Ẹ ò gbọ́ ni?"

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ́tí, kí n má purọ́, mo tẹ́tí títí etí fi ń dùn mí. Kí ló dé tó jẹ́ òun ni Àlíù wá bá? Kí ló dé tí kì í ṣe èmi? Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú ju gbogbo ohun tó ti ṣe lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Ògọ́ọ̀sì

Wọ́n kọ 20 síwájú orúkọ rẹ̀, Sísítà sì ní ká pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní bí nǹkan ṣe ń kàn án lórí tó yìí, kò wá gbánà lọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi ń jó mi.

Kí ló kù? Orí ti dàrú, ọkùnrin yìí ò ṣubú. Mo fẹ́ kí wọ́n nu 20 yẹn kúrò. Mo fẹ́ kó di àbúrò gbogbo wa padà, kó máa gbọ̀n, kó máa bẹ̀ mí fún omi.

Àwa mẹ́ta ló lọ gé koríko ní ọgbà ìjọ kan ní GRA, bí a ti máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí à ń bọ̀, mo ní kí Uchenna àti Ebikabowei máa lọ níwájú, pé mo fẹ́ tọ̀. Monday, tó ń ta gbánà fún mi tẹ́lẹ̀, ṣì wà níbi tó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà. Ó dì mọ́ mi bí ẹni pé ìyá kan ló bí wa. Ó ní mo ti sanra. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀. Ìdì kékeré, bébà inú páálí sìgá.

Kì í ṣe fún ara mi ni mo ṣe gbà á. Mo ń kọ ọ́ síbí kó yé mi: kì í ṣe fún ara mi.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, irin ni, inú rẹ̀ ṣófo. Ibẹ̀ ló wà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Ògọ́ọ̀sì

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

Ìjókòó aago mẹ́rin. Kálukú ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kan Ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tí orí rẹ̀ bá ń dà á láàmú báyìí, Píjìn á sá lọ lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá nìkan ló máa ń kù, èmi ni mò ń túmọ̀ fún ilé. Ó wo ilẹ̀. Ó ní:

"Wọ́n máa ń rán ọmọ kan sí mi láràárọ̀, kó wá bá wọn gba gbánà. Àlíù lorúkọ rẹ̀. Àbúrò wọn ni. Mo rí i pé ọmọ náà ti ń tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà. Mo kọ ìwé sí wọn, pé kí wọ́n má rán an mọ́, kí wọ́n máa wá fúnra wọn. Wọn ò wá. Òun náà ni wọ́n ń rán. Èmi náà ò yéé tà á. Èmi náà ò yéé."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

"Wọ́n." Ta lèèyàn kan ṣoṣo tí Ẹlẹ́rìn-ín ń pè ní "wọ́n" nínú ilé yìí? Èmi tí mo kọ́ ọ ni. Èmi tí mo fi omi inú kọ́ọ̀pù kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ pè mí ní "o". Ká ní ó sọ pé "ó máa ń rán an", ẹnì kan ṣoṣo ni ǹ bá ní láti túmọ̀ rẹ̀ sí. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ọ̀wọ̀ yẹn sì bò mí mọ́lẹ̀ bí aṣọ.

Mo la ẹnu. Mo ní, "E say dem dey send one boy come buy gbana. Dem. Some bad people."

Mi ò mẹ́nu ba àbúrò. Mi ò mẹ́nu ba ìwé. Sísítà mi orí, ó ní ayé burú. Ẹlẹ́rìn-ín gbójú sókè, ó wò mí. Bí kò bá tiẹ̀ lè sọ Píjìn lónìí, ó ń gbọ́ ọ jù mí lọ.

Ó tún wo ilẹ̀ padà.


Ọjọ́rú, 28 Ògọ́ọ̀sì

Irọ́ ni mo kọ lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù yìí.

Mo ti ń fa gbánà fún ọdún kan gbáko kí Àlíù tó kú. Ojú ń tì mí, kí àwọn ará wọ́ọ̀fù má baà rí mi níbẹ̀, mo ń rán Àlíù. Mo sọ fún un pé oògùn ẹ̀yìn ni. Ìwé yẹn dé ọwọ́ mi. Inú ìdì ló wà, ó kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa. Mo kà á. Mo ya á. Ní ọjọ́ kejì mo tún rán an.

Ó tó. Mo ti kọ ọ́. Ṣé orí yín ti wálẹ̀ báyìí, Sísítà?

Àmọ́ ta ló tà á? Ta ló wà nínú Píjò funfun? Ó mọ̀, ó sì ń tà á. Ẹnu rẹ̀ náà ló fi sọ ọ́. Kò sí ohun tí mo kọ síbí tó pa ìyẹn rẹ́. Mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ ju ti àná lọ, torí ó mọ̀.

Bó bá dárúkọ mi lọ́jọ́ tí màmá mi bá dé ńkọ́?


Ọjọ́ Ajé, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nígbà tó lọ wẹ̀ láàárọ̀ ni mo fi ìdì náà síbẹ̀. Bó bá fà á, wọ́n á nu orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, á lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹnu rẹ̀ á pa dé. Ta ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ṣubú gbọ́?

Ọjọ́ mi: 171.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó bá mi lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, bí ẹni ń gbé nǹkan fún àgbà. Ìdì náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò tú u. Òógùn bò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Ẹ gbà á kíákíá."

Mo gbà á. Kí ni ǹ bá ṣe? Òfin ilé ni.

Kò lọ. Ó ní ọjọ́ tí òun wọlé lòun ti mọ̀ mí. Ó ní, "Imú Àlíù ni imú yín. Mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí ni. Mo ní kò burú." Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún Sísítà. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ, pé àwa méjèèjì la jọ ṣe é.

Àwa méjèèjì. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo ní kó wọlé lọ. Ó wọlé lọ.


Ọjọ́rú, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò tíì gbé e fún Sísítà.


Ọjọ́bọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

174. Ó wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Gbogbo ìgbà ni mò ń fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì wà ńbẹ̀. Àwa méjèèjì, ó ní. Àwa méjèèjì.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àná, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nínú ilé ìwẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ebikabowei ló bá mi nílẹ̀, òun ló gbé mi jáde sí èjìká kan tó kù fún un.

Nígbà tí ojú mi là láàárọ̀ yìí, Sísítà jókòó tì mí, ìgò oògùn Ẹlẹ́rìn-ín wà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn ẹ̀fọ́rí mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ti tú ẹrù mi. Kò pariwo. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó. Mo ní ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ojú rẹ̀ rí bákan, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ti gbánà, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Àmọ́ ti oògùn, òun ò lè dá ẹjọ́ yẹn, ẹni tí mo ṣe é sí ló máa dá a.

Ó kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó sọ ohun tí mo ṣe, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Uchenna bú mọ́ mi pé kí n kó ẹrù mi. Sísítà ní kó dákẹ́. Ó yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín, ó ní tó bá ní kí n lọ, màá lọ lónìí, tó bá ní kí n dúró, màá dúró. Ó kù sí i lọ́wọ́.

Mo ń wò ó. Ká ní èmi ni mo wà níbi tó wà, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Kó sọ ọ́, ká lè jọ parí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó la ẹnu. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró."

Uchenna gbọ́ "wọ́n". Ó ti ń gbé Ajégúnlẹ̀ pẹ́ tó ìyẹn. Ó ní, "Dem? Who be dem?"

Kò sẹ́lòmíì tó máa túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún ilé. Mo dìde, mo di pátákó mú. Mo ní, "No be dem. Na me. E say make I stay." Mo ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìṣẹ́gun ọ̀hún náà, mi ò túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. "That boy wey dem dey send. Na me dey send am. Only me. Na my junior brother."

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo kàn rí i pé ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Mo nu 174 kúrò fúnra mi. Mo kọ 1. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, 33, Pamílẹ́rìn.

Òun ni wọ́n yàn fún mi. Àwa nìkan la gbọ́ èdè ara wa.

Nírọ̀lẹ́ ó gbé garawa wá. Ara mi ti ń bèèrè. Ó bu omi sí kọ́ọ̀pù, mo sì ń dúró de ìgbà tó máa gbé e síbi tí ọwọ́ mi ò ní dé. Mo ti ń tún "ẹ jọ̀ọ́" sọ nínú ara mi. Ó gbé e sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Mọ́rù, ẹ mu omi."

Mi ò sọ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí. Mo ní kó má pè mí ní "ẹ" mọ́, pé òun ni ẹ̀gbọ́n báyìí, ọjọ́ ilé àti ọjọ́ orí. Mo ní kó sọ pé "o". Ó mi orí. Ó ní òun ò lè sọ ọ́. Ó ní oògùn òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ni, pé Àlíù ò tíì lọ, pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀gbọ́n òun fín.

Màmá mi ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Màá sọ fún un.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo mu omi náà tán, mo ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."